Èéfín Dúdú Lójú Ọ̀nà Òkukù: Nígbà Tí Afẹ́fẹ́ Bá Ń Jò Lára Ọkọ̀ Dísù

Ọjọ́ Sátidé kan ni Bọ̀dá Ìkìrun, àbúrò màmá mi, pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní tó bá di Mọ́ńdè, àwọn ń lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mo ní, "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n ní tọ́bò ọkọ̀ àwọn ti kú, mẹkáníìkì sì ti sọ pé kò sí àtúnṣe, àfi kí àwọn wá tọ́kúnbọ̀ kan rà ní Ládípọ̀ l'Ékòó.

Ọkọ̀ dísù oníjókòó méje ni ọkọ̀ yìí, òun ni wọ́n fi ń jẹun. Láàárọ̀, wọ́n á kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìkìrun, wọ́n á gba Ìníṣà kọjá lọ sí Òkukù, níbi tí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan wà. Lọ́sàn-án, wọ́n á kó iṣu, gaàrí àti àwọn ìyá ọlọ́jà padà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ náà ti ń ṣe ségesège. Bí èrò bá ti kún inú rẹ̀, tí ọ̀nà sì gòkè díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Bí Bọ̀dá bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè sáré, eré ò ní jáde, èéfín dúdú ni yóò máa jáde, tí yóò bo ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn. Epo tí wọ́n ń rà lójúmọ́ sì ti lọ sókè.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan péré kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé owó yẹn. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o, físíìsì ni mò ń kà. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí kò bára mu létí mi. Èkíní ni èéfín dúdú yẹn. Bí tọ́bò bá ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tú ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, àwọ̀ búlúù ni èéfín sábà máa ń ní. Òótọ́ ni pé tọ́bò tí kò yí mọ́ náà lè mú èéfín dúdú wá. Ohun kejì ni pé Bọ̀dá sọ pé ó ṣì ń súfèé, pé ìró súfèé yẹn tiẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ohun tó bá ti kú kì í súfèé, àbí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí epo nìkan ni gbogbo wa máa ń rò bí a bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Kí epo dísù tó lè jó tán pátápátá, ó nílò afẹ́fẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 14 àti ààbọ̀ ìwúwo epo náà. Lítà dísù 1 wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 0.84. Tí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé nǹkan bíi kílógíráàmù 12 afẹ́fẹ́ ni lítà 1 yẹn fẹ́. Afẹ́fẹ́ kì í wúwo bí omi, nítorí náà kílógíráàmù 12 yìí máa gba àyè tó nǹkan bíi lítà 10,000. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí wọ́n fi ń ta epo pupa. Kẹ́ẹ̀gì 400 tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa fà símú kó tó lè jó lítà dísù 1 ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹn ló kéré jù, torí ẹ́ńjìnnì dísù fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣẹ́ kù sílẹ̀ díẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá wá dín, tí epo ò dín, epo tí kò rí afẹ́fẹ́ fi jó máa di èédú lẹ́búlẹ́bú, á sì bá sàlẹ́ńsà jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo sítóòfù kẹrosíìnì rí mọ ohun tí mò ń sọ: bí òwú rẹ̀ bá ga jù, á máa rú èéfín, ìdí ìkòkò á sì dúdú kirikiri. Epo ò ṣàìtó nígbà yẹn. Afẹ́fẹ́ ni kò tó.

Iṣẹ́ tọ́bò ni láti wá afẹ́fẹ́ púpọ̀ fún ẹ́ńjìnnì. Rudolf Diesel, ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ epo náà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́dún 1893, ó sì ṣe èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dún 1897. Kò sí pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé epo á gbiná fúnra rẹ̀ bó bá ti kàn án. Lọ́dún 1905, ẹnjiníà kan ní Switzerland, Alfred Büchi, gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí èrò kan tó dà bí eré: ṣebí èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ lásán yìí ní agbára nínú, ẹ jẹ́ ká fi yí fáànù. Fáànù méjì ló wà lórí ọ̀pá kan. Èéfín ń yí ọ̀kan, èkejì sì ń kó afẹ́fẹ́ tuntun, ó ń kì í wọnú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú 1. Ó pẹ́ kó tó dé inú ọkọ̀ kékeré; ọdún 1978 ni Mercedes-Benz gbé 300SD jáde, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dísù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe púpọ̀ fún títà pẹ̀lú tọ́bò. Kó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹ̀rọ tó ń fa rélùwéè ló ń jẹ ìgbádùn rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìkìrun àti Òkukù tí ojú irin gba ìlú wọn kọjá lọ sí Ọ̀fà lè ti gbọ́ irú súfèé bẹ́ẹ̀ láti orí rélùwéè láìmọ̀.

Nínú ọkọ̀ Bọ̀dá, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń tọ̀ gùn díẹ̀. Á gba inú fíìtà wọlé, á kọjá lára sẹ́ńsọ̀ kan tó ń wọn bó ṣe pọ̀ tó, á dé tọ́bò. Tọ́bò á fún un pọ̀, ìyẹn á sì mú un gbóná, ó lè ju 100°C lọ. Nítorí náà wọ́n á darí rẹ̀ gba inú intercooler, ìyẹn bíi rédíétọ̀ tó wà fún afẹ́fẹ́ nìkan, kó lè tutù. Láti ibẹ̀ ni hósì rọ́bà á ti gbé e dé ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ wà ṣáájú tọ́bò. Bí hósì bá lu lẹ́yìn tọ́bò, afẹ́fẹ́ ti kọjá lára sẹ́ńsọ̀ kó tó sá lọ. Sẹ́ńsọ̀ á sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ ti wọlé, kọ̀ǹpútà á tú epo tó bá a mu sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ti wà lójú títì. Bí ẹni se oúnjẹ èèyàn mẹ́wàá, tí mẹ́ta ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Òun ni èéfín dúdú yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo dé Ìkìrun. Bọ̀dá ti bẹ ọ̀gá mẹkáníìkì náà wá, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan. Àgbàlagbà ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, dókítà. Ṣé kọ̀ǹpútà lẹ ó fi tún tọ́bò ṣe ni?" Mo mọ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú. Ta ni yóò dùn mọ́ pé ọmọ kékeré wá yẹ iṣẹ́ òun wò?

Ohun tí mo mú dání ni skánà kékeré kan tí wọ́n ń kì sí abẹ́ sítíárìn, tó ń fi nǹkan hàn lórí fóònù. Kí a tó ṣáná sí ọkọ̀ rárá, mo wo ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó wà nínú páìpù tó wọ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan. Ó kọ 97 kPa. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, afẹ́fẹ́ ìta lásán ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ń kà. Ní etíkun Èkó, nǹkan bíi 101 ni ẹ ó rí, torí bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ń dín kù, ààrin òkè sì ni Ìkìrun wà. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà yìí gan-an. Ó túmọ̀ sí pé sẹ́ńsọ̀ náà kì í purọ́, a lè gba ohun yòówù tó bá sọ lẹ́yìn náà gbọ́.

A wa ọkọ̀ náà jáde, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá, mò ń wo fóònù. Níbi tí ọ̀nà ti gòkè, kọ̀ǹpútà ń bèèrè 210 kPa. Ohun tó ń rí gbà jẹ́ 150. Ẹ yọ 97 ti ìta kúrò: 113 ló fẹ́ kí tọ́bò fi kún un, 53 ló rí. Kò tó ìlàjì. Skánà náà sì gbé àmì P0299 jáde, tó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ tọ́bò kò tó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á rí "tọ́bò" nínú àlàyé àmì náà, wọ́n á lọ ra tọ́bò. Àmì yẹn kò sọ pé tọ́bò ló bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé ebi afẹ́fẹ́ ń pa ẹ́ńjìnnì, kò mọ ẹni tó jẹ oúnjẹ rẹ̀.

A padà wálé, a jẹ́ kó tutù. Mo bẹ ọ̀gá pé kí ó tú hósì ẹnu tọ́bò kí a lè fọwọ́ kan fáànù náà. Ó yí wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìka, abẹ́ rẹ̀ kankan ò kán, kò sì ha ara ilé rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ṣáná sí ọkọ̀ lẹ́yìn tí a ti dá hósì padà, a rí ọ̀pá kékeré tó ń darí tọ́bò bó ṣe sún dáadáa, kò há. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ mi orí. Ó ní, "Tọ́bò yìí ò burú tó bí mo ṣe rò." Mo bọ̀wọ̀ fún un ní ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe lè mọ̀ lọ.

Ó ku hósì. Ọ̀gá ní òun ti fọwọ́ yẹ gbogbo wọn wò lánàá, kò sí èyí tó lu. Mo bẹ́rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Lábẹ́ hósì tó ti ara intercooler wá, eruku pupa ti lẹ̀ mọ́ ojú kan bí ẹrẹ̀. Eruku kì í lẹ̀ mọ́ rọ́bà gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ọ́ìlì díẹ̀ máa ń bá afẹ́fẹ́ tọ́bò rìn nínú páìpù, kò sí nǹkan tó burú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n bí ó bá rí ibi jáde, eruku á fi hàn. Mo fọwọ́ ra á, mi ò rí ihò kankan. Ìfura lásán nìyẹn ṣì jẹ́, èèyàn kì í fi ìfura gba owó lọ́wọ́ Bọ̀dá.

Ohun tó kù ni pé kí a fún páìpù náà ní afẹ́fẹ́ láìṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Mo ti ra ìdérí páìpù PVC kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò pọ́ḿbà, èyí tó ṣe wẹ́kú sínú hósì ẹnu tọ́bò. A lu ihò sí àárín rẹ̀, a ki ẹnu táyà sí i, irú èyí tí fọkanáísà fi ń fún táyà tí kò ní tíúbù. Ọjọ́ ìsinmi ni, fọkanáísà tí Bọ̀dá mọ̀ pé ó máa ṣí wà lẹ́bàá títì ní Ìníṣà, ni a bá rọra wakọ̀ lọ. A dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, a ki ìdérí náà bọ ẹnu tọ́bò, a fi klíìpù dè é gírígírí.

Fọkanáísà gbé hósì kọ̀mpírẹ́sọ̀ wá, ó ní, "Ṣé kí n fún un ní 32?" Mo pariwo! 32 ti táyà ni, ohun tí ọkọ̀ yìí ń lò lójoojúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Mo ní kó má kọjá 15 lórí gééjì, kó sì máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán èyí wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi níbí: afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ kì í ṣeré. Bí ìdérí yẹn bá fò jáde, ó lè fọ́ ojú èèyàn. Ẹ má dúró níwájú rẹ̀, ẹ má kọjá ìwọ̀n tí tọ́bò ọkọ̀ yín ń fún un, ẹ má sì ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ náà bá yé ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

A po ọṣẹ Omo mọ́ omi nínú ike. Ní 5, a gbọ́ ìró díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ò jọ wá lójú, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń gba inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ jáde. Ọmọ iṣẹ́ ń da ọṣẹ sí orí hósì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó máa fi di 10, ó kígbe lábẹ́ ọkọ̀. Fọ́ọ̀mù funfun ń hó yààyàà níbi tí eruku lẹ̀ mọ́ yẹn gan-an. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ sórí páálí, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní, "Mo fọwọ́ kan ibẹ̀ lánàá o. Mo fọwọ́ kàn án."

Òótọ́ ló sọ. Ojú yíya náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, irin kan tó mú páìpù dání ló ti ń ha á láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, rọ́bà á pa ẹnu pọ̀ bí ètè, ẹ ò lè rí i. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀ ló ń lanu. Kò sí bí ojú tàbí ọwọ́ ṣe lè rí i lórí ọkọ̀ tó dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣírò rẹ̀ sórí ìwé. Ká ní ẹnu yíya náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì là tó mílímítà 1. Bí ìfúnpá inú hósì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìta, afẹ́fẹ́ á máa jáde níbẹ̀ pẹ̀lú eré tí ohùn fi ń rìn. Ìṣirò mi fún mi ní nǹkan bíi gíráàmù 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1, nígbà tí ẹ́ńjìnnì lítà 2 tó ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú 1 nílò nǹkan bíi 95. Ìdá kan nínú márùn-ún, láti ojú ihò kékeré bẹ́ẹ̀! Ìṣirò tábìlì ni o, ẹnu yíya gidi kì í dúró lójú kan, ó lè là ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpá tó bà mí lẹ́rù jù nìyí. Bí kọ̀ǹpútà bá rí i pé afẹ́fẹ́ ò tó, á pàṣẹ fún tọ́bò pé kó túbọ̀ ṣiṣẹ́. Tọ́bò á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ kó lè dí àyè ohun tó ń jò. Ìdí tí súfèé fi pọ̀ nìyẹn. Ká ní Bọ̀dá ti yá owó yẹn, tí wọ́n ra tọ́bò wá láti Èkó, ara hósì yíya yìí kan náà ni wọn ó so ó mọ́. Èéfín ò ní lọ, tọ́bò tuntun á máa pa ara rẹ̀, gbèsè á sì wà nílẹ̀.

Bọ̀dá fẹ́ kí a gé rọ́bà tíúbù kí a fi wé e. A ṣe bẹ́ẹ̀ kí a lè délé ni, kò lè pẹ́: ọ́ìlì tó wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí ohunkóhun lẹ̀ mọ́ ọn. Ní Mọ́ńdè, dípò ọ́fíìsì alájẹṣẹ́kù, Òṣogbo ni wọ́n lọ, wọ́n sì rí hósì tó bá a mu. Owó rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ogún owó tọ́bò náà. Àwọn kan fẹ́ tà wọ́n ní hósì silikóònù aláràbarà, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, torí silikóònù lásán tí wọn ò fi nǹkan mìíràn tẹ́ inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì yọ́ gba ara rẹ̀ jáde.

Ọ̀gá ló so ó. Ó nu ọ́ìlì kúrò lẹ́nu páìpù méjèèjì, ó so klíìpù níwọ̀n, kò fún un jù tí yóò fi gé rọ́bà. Láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, ó tẹ irin tó dá gbogbo rògbòdìyàn yìí sílẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi rọ́bà wé e. Ká ní kò ṣe ìyẹn ni, hósì tuntun náà ò bá tún ya. A tún lọ sí Ìníṣà, a fún un ní 15, a da ọṣẹ. Kò sí fọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, a kó èrò kún ọkọ̀, ó di Òkukù. Mo pa àmì P0299 rẹ́, mo sì ń wo fóònù. Lórí òkè tó ti ń dá Bọ̀dá lágara, kọ̀ǹpútà bèèrè 210, ó rí 207. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn ń bèèrè pé kí ló dé tí a ń sáré báyìí. Mo yíjú wẹ̀yìn wo gíláàsì: mo rí ọlọ́kadà tó ń tẹ̀ lé wa, àti aṣọ rẹ̀, àti àwọ̀ aṣọ náà.

Nígbà tí mo fẹ́ padà, mo ń wá ìdérí PVC yẹn kiri. Ọ̀gá ti fi ìṣó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn sípánà. Ó ní, "Dókítà, ẹ fi ti yín sílẹ̀ fún mi, ẹ ó tún rí òmíràn rà." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló pè mí. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì dísù kan ti dé láti Òkukù pẹ̀lú èéfín dúdú, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá 15 náà ni kí wọ́n fún ti bọ́ọ̀sì.